Àlùbọ́sà Inú Ìpìlẹ̀

Kó tó di ọdún 1988, Nùréènì kò tíì bi ẹnikẹ́ni léèrè rí bí àlùbọ́sà ṣe ń hù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Àárín iṣu àti àgbàdo ni wọ́n bí i sí, ó sì ti mọ ebè kọ kó tó mọ okùn bàtà so. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà, ọkọ̀ ńlá ló ń kó o wá láti òkè Ọya, inú àpò ni gbogbo èèyàn ti ń bá a. Lérò tirẹ̀, bí èèyàn bá ri odidi kan mọ́lẹ̀, òmíràn á hù níbẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Ìkejà, níbi tí ariwo ti pọ̀ débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn ráyè ro ọ̀rọ̀ àlùbọ́sà.

Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ń pè ní Sáàpù dé, tí náírà já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kò rí aró àti irin ẹ̀rọ tó ń ti òkè òkun bọ̀ rà mọ́. Wọ́n pa ìlà ẹ̀rọ kan, wọ́n pa èkejì, wọ́n wá fi lẹ́tà lé igba èèyàn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nínú oṣù karùn-ún ọdún 1987. Nùréènì wà lára wọn. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá fún ìrun àsùbáà, apá ọ̀tún rẹ̀ já wálẹ̀ bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì tẹ̀ lé e. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Nígbà tó padà sílé, ó lè fi ọ̀pá rìn láti yàrá dé ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo, ọ̀rọ̀ ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Sùlíyá ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wá kù tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìlúpéjú ni ibi iṣẹ́ rẹ̀ wà, ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn, níbi tó ti ń di oògùn sínú páálí láti aago méje àárọ̀ di mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí ìdúró. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ máa ń wá gbé wọn ní Agége. Bọ́ọ̀sì náà bàjẹ́, wọn ò rí táyà rà sí i, ni Sùlíyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ dé Òṣòdì, tí á sì fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Kaothar, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà lọ́dọ̀ ìyá Nùréènì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà nínú yàrá tí wọ́n háyà ní Agége, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni Sùlíyá máa ń jí. Á wẹ ọkọ rẹ̀, á wọ aṣọ fún un, á po ẹ̀kọ, á gbé oúnjẹ ọ̀sán síbi tí ọwọ́ òsì rẹ̀ lè tó, kó tó sáré lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, omi ló kàn. Kì í ṣàròyé, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́ náà. Láídé, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, máa ń sọ pé báàgì tí Sùlíyá bá gbé kalẹ̀ lòun fi ń mọ̀ pé ó ti dé, nítorí kò sí ohùn tó ń tẹ̀ lé e.

Màlámù Tánkò ló mú irúgbìn wá. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni ní ilé iṣẹ́ aláṣọ yẹn, ọjọ́ kan náà ni wọ́n fún òun àti Nùréènì ní lẹ́tà. Òun lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta àlùbọ́sà lápò-lápò ní Agége, ó sì di ara wọn. Agége ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ Yorùbá kan lọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló máa ń wá wo Nùréènì, á sì mú àlùbọ́sà mẹ́ta mẹ́rin dání. Lọ́jọ́ kan, nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, Nùréènì gbé ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó béèrè pé níbo gan-an ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Màlámù rẹ́rìn-ín. Ó ní láti inú hóró dúdú kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ni. Nùréènì kò gbà á gbọ́. Nígbà tí Màlámù tún wá, ó ti we díẹ̀ sínú bébà, ó sì tú u sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó dúdú, ó sì gbẹ bí ẹ̀tù ìbọn.

Nùréènì kò lè sinmi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìpìlẹ̀ yàrá mẹ́ta kan wà lẹ́yìn ilé. Ìyá Onílé, Ojúọlápé, ló fẹ́ fi kún ilé rẹ̀, wọ́n sì ti to búlọ́ọ̀kù dé orúnkún kí sìmẹ́ǹtì tó gbówó lórí, ni wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún koríko. Nùréènì tọrọ ibẹ̀. Ìyá Onílé ní kò burú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí sìmẹ́ǹtì bá ti wálẹ̀, àlùbọ́sà á gbéra. Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí wọ́n mọ̀ pé ọjọ́ náà jìnnà. Nùréènì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó nawọ́ òsì sísàlẹ̀, ó sì fi ọkọ́ kékeré kan tí wọ́n gé igi rẹ̀ kúrú tu koríko yàrá kìn-ín-ní. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó rọ ilẹ̀ kíkúnná àti ìgbẹ́ adìyẹ sínú bàsíà kan tó ti jò, ó fọ́n hóró náà sí i, ó fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó, ó sì ní kí Sùlíyá bá òun wá omi.

Ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nínú ilé náà. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àgádágodo sì wà lórí rẹ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Ìyá Onílé ń ṣí i, korobá méjì-méjì sì ni ti yàrá kọ̀ọ̀kan. Korobá méjì tí Sùlíyá ń pọn ti ní iṣẹ́ tirẹ̀: ìwẹ̀, oúnjẹ, aṣọ fífọ̀, àlùwàlá. Omi àlùbọ́sà ní láti wá láti ẹ̀rọ omi òpópónà kejì, níbi tí èèyàn ti ń tò. Sùlíyá pọn ọ́n. Ó rò pé nǹkan ọjọ́ mélòó kan ni, pé á mú kí ọkàn ọkọ òun kúrò nínú àìsàn. Láàárọ̀ kùtùkùtù àti nírọ̀lẹ́, ó wọ́n omi sí bàsíà náà bí ẹni tó ń wọ́n omi sí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá, ohunkóhun kò yọ. Ó di ọjọ́ kẹrìnlá. Nùréènì fi èékánná hú ilẹ̀ díẹ̀, ó rí hóró náà bó ṣe wà, dúdú, láìwú, láìsán. Nígbà tí Màlámù dé, ó gbé bàsíà náà wò fún ìgbà pípẹ́, ó padà lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tún wá lọ́jọ́ kejì, ojú tì í.

"Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ká a," ó wí. "Irúgbìn àlùbọ́sà kì í dúró de èèyàn. Bó bá ti ju ọdún kan lọ, òkú ni."

Sùlíyá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó gbọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ló ti ń pọn omi fún òkú. Kò gbójú sókè.

Irúgbìn kejì dé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, láti Sókótó, tuntun. Lọ́jọ́ kẹjọ, Nùréènì ké sí Sùlíyá láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn rẹ̀ sì dẹ́rù bà á débi pé ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ó rò pé ó ti ṣubú ni. Ọkọ rẹ̀ ń nàka sí bàsíà. Àwọn ewé tínínrín ti yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀ ní ìdajì bí okùn òwú tí wọ́n ká po, orí rẹ̀ ṣì wà nínú ilẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Nùréènì, tó ti fi ọdún mẹ́tàdínlógún wo òwú, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, omi ń ṣàn láti ojú kan ṣoṣo, nítorí ojú kejì kì í ṣe ohun tó bá fẹ́ mọ́. Sùlíyá nù ún fún un. Inú rẹ̀ dùn fún un, kò purọ́. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé omi náà kò ní parí mọ́.

Ọ̀sẹ̀ méje ni àwọn ewé náà lò nínú bàsíà. Láàárín àkókò náà, Nùréènì tu koríko yàrá kejì àti ìkẹta, nítorí àwọn ewé náà pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Nígbà tí wọ́n ga tó ìka àárín, Màlámù ní ó tó kí wọ́n ṣí wọn lọ sínú ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àlàfo àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín wọn. Iye wọn á tó ẹgbẹ̀ta. Ọwọ́ kan kò lè ṣe é. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ṣe é, ọjọ́ kan ṣoṣo tí Sùlíyá ń wà nílé. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi igi kékeré gún ihò, ó ń fi ewé kan sí i, ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn. Nùréènì jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ó ń nawọ́ ewé sí i. Nígbà tí wọ́n dé yàrá kejì, ó ní Sùlíyá ti ń rì wọ́n jinlẹ̀ jù, kí ó tú ìlà náà kó tún un ṣe. Sùlíyá nàró. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, ó wo ìlà náà, ó wo ọkọ rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó sì tú u.

Ọyẹ́ dé. Ètè gbogbo èèyàn là. Omi kànga lọ sílẹ̀ débi pé ẹrẹ̀ ni wọ́n ń fà bọ̀, Ìyá Onílé sì sọ korobá méjì di ọ̀kan. Sùlíyá wá ní láti lọ sí ẹ̀rọ omi nígbà mẹ́rin lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan fún ilé, ẹ̀ẹ̀mẹta fún ìpìlẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n ti ń sọ pé àwọn kan máa tún lọ. Alábòójútó wọn ń rìn láàárín tábìlì, ó ń wo ọwọ́ oníkálukú bó ṣe ń yá sí. Lọ́jọ́ kan, Sùlíyá sùn lọ lórí ìdúró nínú ọkọ̀ ojú irin, ó gbé e kọjá Agége, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà láti Ìjú. Nígbà tó fi máa wọlé, ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ. Korobá méjì tó ṣófo wà lójú ọ̀nà níbi tí Nùréènì gbé wọn sí dè é, òun fúnra rẹ̀ jókòó tì wọ́n. Ó ní ewé yàrá kẹta ti ń rọ.

Sùlíyá gbé báàgì kalẹ̀. Ó dojú korobá kan délẹ̀, ó sì jókòó lé e.

"Bàbá Kaothar," ó wí, "ó ti rẹ̀ mí."

Nùréènì ní kó sinmi díẹ̀ ná.

"Kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ó ti rẹ̀ mí ni. Ó di ọdún kan àti oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé báwo ni. Bí mo bá wọlé, omi àlùbọ́sà lẹ kọ́kọ́ ń bi mí."

Nùréènì ya ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà há, ó ti í, kò jáde, itọ́ sì ń dà sí àgbọ̀n rẹ̀. Nígbà mìíràn, Sùlíyá á ti dìde nù ún. Lọ́jọ́ náà, ó wọ yàrá lọ, ó kọjú sí ògiri, ó sì sùn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, láìjẹun.

Kò pọn omi àlùbọ́sà lọ́jọ́ kejì. Kò sì sọ pé òun kò ní pọn ọ́n. Ó ṣe gbogbo nǹkan yòókù bó ṣe máa ń ṣe é, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bí òun bá ti lọ tán, Nùréènì á gbé bútà àlùwàlá sọ́wọ́ òsì, á so ọ̀pá mọ́ apá ọ̀tún pẹ̀lú ìrépé aṣọ, á sì máa wọ́ lọ sí òpópónà kejì. Láti ọjọ́ tó ti dé láti ọsibítù, kò tíì kọjá ẹnu géètì rí. Bútà kan á gbà á ní nǹkan bíi wákàtí kan ní àlọ àti àbọ̀, ìdajì rẹ̀ á sì ti dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìlà kan àbọ̀ lomi náà ń rin.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ṣubú sójú gọ́tà. Láídé ló rí i, òun àti ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ló gbé e wálé. Orúnkún rẹ̀ bó, ètè rẹ̀ là. Nígbà tí Sùlíyá dé nírọ̀lẹ́, gbogbo ará ilé ti pé sí ẹ̀yìnkùlé, Ìyá Onílé sì wà láàárín wọn lórí àpótí. Ìyá Onílé kò pariwo. Ó bá Sùlíyá wí bí ìyá ṣe ń bá ọmọ wí: pé ṣé bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn rèé, pé ọkùnrin tí ẹ̀gbẹ́ kan ara rẹ̀ ti rọ ni obìnrin rẹ̀ jẹ́ kó máa pọnmi kiri, pé kí ni aráyé fẹ́ máa sọ nípa ilé òun. Àwọn mìíràn mi orí. Sùlíyá dúró, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Kò ní okun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má bínú.

Nùréènì ló gbé ọwọ́ òsì sókè. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n sì dúró dè é nítorí àgbà ni.

"Ẹ má bá a wí," ó wí. "Èmi ni mo di ẹrù náà rù ú. Ó ń rẹ̀ ẹ́." Ó mí. "Gbogbo yín ń rí i. Èmi náà rí i. A ò sọ nǹkan kan."

Ìyá Onílé wo ilẹ̀, ó ní kí ẹnì kan bá òun gbé àpótí wọlé. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣí kànga fún yàrá wọn ní korobá kan sí i, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún àwọn yòókù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Sùlíyá fi omi gbígbóná nu orúnkún rẹ̀. Nùréènì ní kí wọ́n fi yàrá kejì àti ìkẹta sílẹ̀. Sùlíyá ní ó ṣeni láàánú, lẹ́yìn gbogbo wàhálà tí wọ́n ti ṣe. Nùréènì ní rárá, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, wọ́n fa gbogbo àlùbọ́sà inú yàrá méjèèjì tewétewé, kí oòrùn tó pa á tán, wọ́n dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n sì pín in kárí ilé. Láídé gba ìdì méjì. Gbogbo ilé rùn fún ẹ̀fọ́ àti àlùbọ́sà eléwé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nùréènì kò wo ẹ̀yìnkùlé títí ilẹ̀ fi ṣú. Yàrá kan ló kù, omi bútà mẹ́ta lójúmọ́ sì tó o. Ó ń fi omi ìṣanwọ́ àti omi tí Sùlíyá fi fọ ìrẹsì kún un.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Bí Sùlíyá bá ti wọlé, ó ń sọ pé, "Báwo ni ibi iṣẹ́?" Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó máa ń tò wọ́n jọ láti ọ̀sán. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Sùlíyá á ní ó wà bẹ́ẹ̀, á sì kọjá. Kò mọ ohun tó yẹ kóun fi dáhùn mọ́. Nínú oṣù kejì, wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ń lọ mọ́ ara ògiri ilé iṣẹ́ náà. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Orúkọ Stella wà níbẹ̀, obìnrin tó ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní tábìlì kan náà láti ọdún mẹ́sàn-án. Stella kó ife rẹ̀ àti bàtà tó máa ń wọ̀ níbi iṣẹ́ sínú ọ̀rá, ó dì mọ́ Sùlíyá, ó sì lọ. Láti ọjọ́ kejì, iṣẹ́ èèyàn méjì di ti Sùlíyá. Nígbà tí Nùréènì bi í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jókòó, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀, àti bí ojú ṣe ti òun pé inú òun dùn fún ìṣẹ́jú kan nígbà tí òun kò rí orúkọ ara òun. Nùréènì kò sọ pé kó má sunkún. Ó ní irú rẹ̀ ṣe òun náà, nígbà tí wọ́n pa ìlà ẹ̀rọ kìn-ín-ní tí ó sì jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ní ìparí oṣù kẹta, ewé àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í dojú bolẹ̀. Nùréènì rò pé wọ́n ń kú ni, ṣùgbọ́n Màlámù ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbó. Wọ́n fà wọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ti ń ṣú. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni. Àwọn kan kò ní ìdí rárá, ọrùn gbọọrọ ni wọ́n ní. Púpọ̀ nínú wọn kò ju awẹ́ obì lọ. Ọ̀kan péré ló tó ìkúùkù ọmọdé. Màlámù tò wọ́n sórí páànù, ó ń wò wọ́n, ó sì ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín.

"Èkó kì í ṣe Sókótó," ó wí. "Omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ ibí. Ṣùgbọ́n àlùbọ́sà ni."

Nùréènì náà ní àlùbọ́sà ni. Ó ti sọ fún Màlámù pé tí ìgbà rẹ̀ bá tún tó, ìwọ̀nba tí òun nìkan lè bomi rin lòun máa gbìn, kó sì béèrè ọjọ́ orí irúgbìn kó tó gbé e wá.

Sùlíyá fi mẹ́fà se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Wọ́n ta lójú ju ti ọjà lọ. Omi dà lójú rẹ̀ débi pé ó ní láti jáde síta. Ó ti rò pé bí ọjọ́ náà bá dé, òun á ní ìmọ̀lára kan, ayọ̀ tàbí ìbínú pàápàá. Ebi ló ń pa á. Ó jẹ ẹ̀bà, ó bu òmíràn, ó sì fi ìka nu abọ́.

Ìyókù wà lórí páànù lábẹ́ òrùlé. Bí òjò bá ti ń bọ̀, Nùréènì á fi ọwọ́ òsì kó wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá yọ, á tún kó wọn síta. Níbẹ̀ ló jókòó sí lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹrin tí Sùlíyá dé tó ní ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu páálí ti ń há láti àárọ̀, pé ọwọ́ lòun fi lẹ gbogbo páálí. Nùréènì gbé àlùbọ́sà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Báwo ló ṣe ń dún?" ó béèrè.

Sùlíyá kò tíì ronú nípa rẹ̀. Ó ní ó ń dún bí ẹni tó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò, á dákẹ́, á wá ta gbì. Nùréènì ní kó tún un sọ. Ó pa ojú dé, ó tẹ́tí sí i bí ẹni pé ẹ̀rọ náà wà nínú yàrá, ó béèrè bóyá ó máa ń gbóná kó tó há, ọwọ́ wo ni ariwo náà ti ń jáde, ìgbà wo ni wọ́n fi òróró sí i gbẹ̀yìn. Wọ́n lé ní ìdajì wákàtí lórí rẹ̀. Ní òpin rẹ̀, ó ní sípíríǹgì kan ló ti rọ nínú rẹ̀, kó sọ fún ẹni tó ń tún un ṣe pé kó wo abẹ́ ibi tí páálí ń gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, Sùlíyá sọ fún Job, tó ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Job fetí sí i dáadáa, ó sì ní irú ẹ̀rọ yẹn kò ní sípíríǹgì kankan, gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ ló há sí i lọ́fun. Ó fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò, ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán, ó sì tún há.

Nírọ̀lẹ́, Nùréènì ti jókòó sójú ọ̀nà, ó ń retí. Sùlíyá gbé báàgì kalẹ̀. Ó rí ojú rẹ̀, ó ronú nípa Job àti ọ̀bẹ rẹ̀, ó sì jókòó tì í lórí búlọ́ọ̀kù.

"Wọ́n ti ń wò ó," ó wí. "Wọ́n ní kí n kí yín."